Ìyá Tapólì àti Ẹ̀ka Kíákíá

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ìyínmú ṣe ń dun ni ju ìgbájú lọ, kó wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Tapólì, kó ní ilé-iṣẹ́ ètò ààbò ló rán òun wá. Kò ní bú olúwarẹ̀. Yóò bọ́ awò ojú rẹ̀, yóò fi etí aṣọ nù ún, yóò tún un gbé wọ̀, yóò wá wo àlejò náà láti orí dé bàtà bí ẹni ń wo ẹja tó ti fẹ́ máa rùn lórí àtẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò yínmú. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó wọ kóòtù ló ti torí ìyínmú yẹn gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn.

Tapólì rírán ni ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, òun náà sì fi í jẹun. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe, ilé gbọọrọ kan tí òrùlé páànù rẹ̀ máa ń pariwo nígbà òjò débi pé ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Tábìlì kan gùn láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ẹ̀yìn. Ẹ̀bá fèrèsé ni àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ wà, onírin dúdú, tí abẹ́rẹ́ wọn nípọn tó ìṣó. Gbogbo inú ilé ń rùn àbẹ́là, nítorí àbẹ́là ni wọ́n fi ń pa òwú kó lè yọ̀ gba inú aṣọ líle kọjá. Ìbòrí ọkọ̀ akẹ́rù, àgọ́, àpò tí àwọn panápaná ń kó okùn sí, kò sí èyí tí kì í rán. Ó ga, ó sanra, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí pátákó, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ.

Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ rẹ̀ kí àìsàn tó mú un lọ. Tí wọ́n bá bi í léèrè irú ẹni tó jẹ́, gbólóhùn kan ló máa ń sọ: "Tó bá ní òun máa dé lọ́sàn-án, ọ̀sán ló máa dé." Kò sí oríkì tó ju ìyẹn lọ lójú rẹ̀. Òun náà kì í yẹ àdéhùn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fojú ire wo ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo tó lè dá a lóhùn nínú ṣọ́ọ̀bù náà ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kọ́pọ́rà. Sójà ni tẹ́lẹ̀. Níbi ìjà kan lórí òkè ni ìbọn ti bà á lẹ́sẹ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n rí fi gbé e sọ̀kalẹ̀ ju bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú, wọ́n ń sáré, bùláńkẹ́ẹ̀tì ń ká mọ́ ọn, eegun tó ti ṣẹ́ ń ha ara wọn. Kí wọ́n tó dé ojú títì tí ọkọ̀ wà, ẹsẹ̀ yẹn ti kọjá àtúnṣe. Ó ń tiro di òní. Tí ẹnikẹ́ni bá ń káàánú rẹ̀, á ní, "Ìbọn kọ́ ló ba ẹsẹ̀ mi jẹ́. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ni." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òkè yẹn máa ń parí sí lẹ́nu rẹ̀. Kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbólóhùn yẹn wọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára. Ó jókòó ti ẹ̀rọ, ó rán ibùsùn alágbèéká kan fún gbígbé ẹni tó bá fara gbọgbẹ́: tapólì líle, páìpù fúyẹ́fúyẹ́ méjì tó ń ṣẹ́ po, bẹ́líìtì fún àyà, fún ìbàdí, fún ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá ká a, èèyàn lè gbé e kọ́ ẹ̀yìn bí àpò. Kọ́pọ́rà ló ń dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, àwọn mẹkáníìkì ló ń gbé e sáré gba àárín táyà àti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú sílẹ̀. Bó bá yẹ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un rán. Nígbà tó yá, wọ́n lè dà á dojú dé kí Kọ́pọ́rà má jábọ́, kó kàn máa ṣépè. Àwọn panápaná rí i, wọ́n rà á. Inú Ìyá Tapólì dùn, ó ká ọ̀kan mọ́ abẹ́ apá, ó forí lé ilé-iṣẹ́ ètò ààbò. Ẹsẹ̀ tó fi kúrò nílé lọ́jọ́ yẹn ló máa ń bú títí di òní.

Akọ̀wé tó ń gba àlejò ní ẹ̀ka ọjà rírà jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń ta eyín lẹ́yìn oúnjẹ, tó tún máa ń ta á kí oúnjẹ tó dé. Ìyá tó bí i sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò tó ń gbẹ lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ti tún un sọ. Ẹ-Padà-Wá ni wọ́n ń pè é.

"Màmá, nǹkan yìí dáa o," ló wí, ó ń fi ìka kan tẹ tapólì náà. "Ó dáa gan-an ni. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ ò tíì jókòó. Ìgbà tí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó, alága ti rìnrìn àjò. Alága dé, wọ́n ní igi ni òfin sọ pé kí ibùsùn aláìsàn ní, páìpù kì í ṣe igi. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba páìpù láyè. Ìgbìmọ̀ mìíràn ló ń gbọ́ ẹjọ́ páìpù, òun náà ò tíì jókòó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa yẹ ibùsùn náà wò, ẹni yẹn ti fẹ̀yìn tì, wọn ò sì tíì wá ẹlòmíì. Òfin tí wọ́n fi ń ra ọkọ̀ ojú omi ogun náà ni wọ́n fi ń ra ìgbálẹ̀ nílé-iṣẹ́ yẹn, kò sì sí ẹni tó rí i bí ohun ìtìjú.

Ọkùnrin kan tó ń ta bàtà, tí wọ́n jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà, máa ń tù ú nínú. "Ẹ ní sùúrù, ìyá. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

"Baba á ti kú," ni Ìyá Tapólì dá a lóhùn. "Wọ́n á ti sin ín, wọ́n á ti pín ogún ẹ̀ tán, kí eléyìí tó pè é."

Kì í ṣe pé ó kórìíra wọn. Ìkórìíra tóbi jù fún wọn lójú rẹ̀. Ó máa ń sọ fún Kọ́pọ́rà pé ìkà èèyàn mọ ohun tó ń ṣe, ó jókòó, ó rò ó, ó ṣe é; pé àwọn tòun ń sọ yìí ò ṣe nǹkan kan, wọn ò ro nǹkan kan, bí àwọn èèyàn tiẹ̀ kú nítorí wọn, wọn ò ní mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ló ti wá. "Ẹ̀pà tó ti jẹrà," ló ń pè wọ́n. "O fọ́ ọ, eruku ló máa jáde." Nígbà tó sú u, ó gbé ibùsùn rẹ̀ padà sílé, kò sì débẹ̀ mọ́.

Ọdún ń gorí ọdún. Ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní ẹnubodè, ìwé ìròyìn gbé e jáde pé àwọn sójà kan ń fi okùn di bàtà wọn tó ti ya, pé ọkọ̀ wọn ò ní táyà, pé ohun tí wọ́n ti béèrè fún láti ọjọ́ pípẹ́ ṣì wà lórí tábìlì ẹnì kan. Àwọn òbí sójà tú síta. Ìjọba bá jí gìrì bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kéde òfin tuntun: ọjà àwọn ológun yóò máa yá kíákíá, àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké yóò rí àyè tà, àwọn olówó yóò wá dókòwò sínú iṣẹ́ ohun ìjà àti ohun èlò ogun. Wọ́n dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀ fún un. Ẹ̀ka Kíákíá ni wọ́n sọ ọ́, bí ẹni ń sọ ajá lórúkọ.

Kọ́pọ́rà ní kí ẹ̀gbọ́n òun jẹ́ káwọn lọ sí àpérò tí wọ́n pè lórí rẹ̀.

"Kí n lọ ṣe kí ni?"

"Ẹ kàn lọ gbọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Gbígbọ́ ò dá ẹsẹ̀ ẹni."

Wọ́n lọ. Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ni, tútù bí inú fíríìjì, tí àga rẹ̀ ní aṣọ funfun. Àárọ̀ ni wọ́n ní àpérò ìyára máa bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ti kan àtàrí nígbà tí mínísítà wọlé, àwọn tó ń dúró dè é ti sùn, wọ́n ti jí, wọ́n tún ti ń wá ibi tí wọ́n máa fẹ̀yìn tì. Ó tọrọ àforíjì pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ló dá òun dúró, àwọn tó jókòó níwájú sì rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ó pa àwàdà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó so nǹkan mọ́ etí fi àwòrán hàn lára ògiri. Ìgbín kan ń rákò lọ. Ìgbín náà di ẹkùn. Ẹkùn náà bẹ́.

Ìyá Tapólì tẹ̀ mọ́ etí àbúrò rẹ̀. "Ìkarahun ẹ̀ ńkọ́? Ta ló bá a gbé e?"

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìgbà yẹn ni wọ́n pe ọ̀gá Ẹ̀ka Kíákíá jáde kí àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dìde nínú kóòtù tuntun, ó tẹrí ba. Ẹ-Padà-Wá ni. Òun fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ tó wú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, apá rẹ̀ tó gùn ju apá kóòtù lọ.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ìyá Tapólì, ẹ̀rín ńlá, tó ń ti ikùn bọ̀, tí kò ṣeé fi ọwọ́ bò. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú padà. Kọ́pọ́rà ń wo bàtà ara rẹ̀. Ìyá Tapólì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó bọ́ awò, ó nù ún, ó tún wo ọkùnrin náà lórí pèpéle, ẹ̀rín òmíì gbé e.

Nígbà tí wọ́n túká síbi oúnjẹ, ọ̀gá tuntun náà wá bá a, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Màmá mi! Ṣé ẹ rí i pé ayé ti yí padà?"

"Mo rí i pé kóòtù ti yí padà," ni obìnrin náà wí.

"Ẹ má dá mi lẹ́bi àná, màmá. Òfin àná ló so wá lọ́wọ́. Nísinsìnyí, kò sí ìdádúró mọ́. Ẹ kàn lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn kan tí ìjọba ti fọwọ́ sí, òun á mú yín lọ sọ́dọ̀ olùdókòwò, olùdókòwò á mú yín wá sọ́dọ̀ wa, ìgbìmọ̀ kíákíá á sì jókòó."

"Ìgbà wo ni ìgbìmọ̀ kíákíá máa jókòó?"

Ọkùnrin náà wo òkè díẹ̀. "A ṣì ń yan àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ lọ́wọ́."

Ó pe olùdókòwò kan mọ́ wọn, ọkùnrin kan tó ń dán bí bàtà tuntun. Olùdókòwò náà ní òun ti gbọ́ nípa ibùsùn rẹ̀, pé ìtàn tó dùn ni: ẹ̀gbọ́n obìnrin, àbúrò tó fẹsẹ̀ pa lójú ogun. Ó ní ilé-iṣẹ́ òun lè ṣe é ní ọ̀pọ̀ yanturu nílẹ̀ òkèèrè níbi tí iṣẹ́ ti dínwó, kí àwọn wá lẹ àwòrán Ìyá Tapólì mọ́ ara páálí rẹ̀.

"Ojú mi nìkan lẹ nílò?" ni Ìyá Tapólì bi í. "Ọwọ́ mi ńkọ́?"

"Màmá, ojú yín ló máa tà á."

Ó wo ọkùnrin náà láti orí dé bàtà. Ó yínmú. Ó mú àbúrò rẹ̀ lápá, wọ́n jáde. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ òfin tuntun nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìta ni yóò ti parí gbólóhùn rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ṣì í lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń pòṣé sí gbogbo ayé, ọjọ́ kan á pòṣé sí ẹni tí kò yẹ. Ọ̀sán kan tí Kọ́pọ́rà jáde lọ ra irin bẹ́líìtì, ọkọ̀ kékeré kan tó kún fún eruku dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ́bìnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀, ṣòkòtò àti ṣẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Ìyá Tapólì, ó ní dókítà ni òun nílé ìwòsàn àwọn ológun, pé òun gbọ́ nípa ibùsùn kan lẹ́nu àwọn panápaná.

"Ológun," ni Ìyá Tapólì tún un sọ. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣé ẹ rí i, òfin tuntun yẹn..."

"Òfin tuntun!" Ìyá Tapólì gbé awò sórí tábìlì láìnù ún. "Ìwọ náà dé! Ta ló rán ẹ, agbaninímọ̀ràn ni àbí olùdókòwò? Ṣé àwòrán mi lo fẹ́ yà? Ó yá, dúró sápá ibí, kí o ya èyí tí mo ti ń yínmú, kó o bá mi fún ọ̀gá ẹ tó di ẹkùn òjijì. Ọmọdé bíi tìẹ, o ò wá iṣẹ́ gidi ṣe, irọ́ lò ń bá wọn gbé kiri!"

"Mà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Ṣàlàyé fún táyà níta. Òun ò ní iṣẹ́ tó ń ṣe."

Ọ̀dọ́bìnrin náà wo àwọn ibùsùn tí wọ́n ká jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó lọ.

Ìkóríta ni Kọ́pọ́rà ti pàdé ọkọ̀ rẹ̀. Ó rí àmì àwọn ológun lára gíláàsì, ó na ọwọ́, wọ́n sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa tiro dé ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ju irin bẹ́líìtì sórí tábìlì, ariwo rẹ̀ mú kí àwọn òṣìṣẹ́ dá ẹ̀rọ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ lé lọ?"

"Ọ̀kan nínú wọn."

"Kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn! Dókítà tó ń gé ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ni. Ó ní òfin tuntun yẹn ní ojú ihò kékeré kan tó dáa nínú: ilé ìwòsàn ológun lè ra ohun tó bá nílò fúnra ẹ̀, láì béèrè lọ́wọ́ Ẹ-Padà-Wá tàbí ẹnikẹ́ni. Ó kúrò nídìí àwọn aláìsàn ẹ̀, ó wa ọkọ̀ wá síbí, ẹ wá ní kó lọ bá táyà sọ̀rọ̀."

"Ojú wọn jọra," ni Ìyá Tapólì wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti relẹ̀.

"Kò jọra. Ẹ ti yínmú títí, ẹ ò rí ojú èèyàn mọ́." Kọ́pọ́rà jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bàjẹ́. "Ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa kẹ́gàn wọn ju kí ẹ rán nǹkan tí wọ́n máa fi gbé èèyàn lọ. Ẹni tí wọ́n máa gbé sórí ẹ̀, kò sí ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Kò jẹ yín ní gbèsè kankan."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí rí. Ìyá Tapólì padà sídìí ẹ̀rọ, ó rán ojú kan náà, ó tú u, ó tún un rán. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ní kí wọ́n di ibùsùn kan sẹ́yìn ọkọ̀ mẹkáníìkì kan, ó gbéra, kò sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn mọ̀.

Ilé ìwòsàn àwọn ológun jẹ́ ilé gígùn aláwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kan tí koríko rẹ̀ ti gbẹ. Dókítà jáde sí i nínú aṣọ sójà, ọ̀gá pátápátá, tí àwọn ọkùnrin ń bẹ́rí fún. Ìyá Tapólì ti ń pèsè àforíjì láti ilé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ohun tó jáde ni, "O ò wọ aṣọ yìí wá lánàá. Ká ní o wọ̀ ọ́ ni, ǹ bá bú ẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Dókítà wò ó. Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká wo ibùsùn náà, mà."

Ó pe sójà mẹ́rin. Wọ́n béèrè ẹni tó máa dùbúlẹ̀, Ìyá Tapólì ní òun ni. "Ẹ gbé èyí tó wúwo, kó lè yé yín." Wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ ọn, wọ́n gbé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àwọn aláìsàn yọjú lójú fèrèsé. Wọ́n gbé ìyá ńlá náà gba orí pápá, wọ́n gbé e gun òkìtì iyẹ̀pẹ̀, wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ ní ìdojúdé, òun náà sì ń bú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: "Ẹ gbé apá òsì sókè, ẹ̀yin ọ̀lẹ! Ṣé bí ẹ ṣe ń sáré fún ọ̀tá nìyí? Ìyá yín ni mo jẹ́ lónìí, tí ẹ bá jù mí sílẹ̀, mo máa dìde pa yín!" Ẹ̀rín fẹ́ dá àwọn sójà náà lẹ́sẹ̀ dúró. Wọn ò jù ú sílẹ̀.

Dókítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn Ìyá Tapólì. "Orí yín ń mì síbí sọ́hùn-ún. Tó bá jẹ́ ọrùn ló fi pa, ó ti kú lórí òkìtì yẹn. Ẹ bá mi fi nǹkan mú orí dúró."

Ìyá Tapólì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run, ó ń ronú sí i. Kò yínmú. "Ọmọ yìí lójú," ló wí, bí ẹni pé sójà tó gbé e ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ó lọ, ó tún un ṣe, ó gbé e padà wá, Dókítà fọwọ́ sí i. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kún ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gba àwọn aránṣọ míì mọ́ra. Ó sì dùn ún díẹ̀, kò sì jẹ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, pé òfin tóun ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ní ibì kan tó ṣiṣẹ́. Ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kó burú pátá.

Àwọn tó fẹ́ gba ògo iṣẹ́ rẹ̀ ò jẹ́ kí ẹ̀dùn náà pẹ́. Kò tíì yá púpọ̀ tí tẹlifíṣọ̀n gbé ọ̀gá Ẹ̀ka Kíákíá jáde níwájú ilé ìwòsàn náà gan-an, ibùsùn Ìyá Tapólì lọ́wọ́ rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, bẹ́líìtì ń fì wálẹ̀ bí ìfun. Ó ní èso àtúnṣe àwọn nìyí. Ó ní ohun tí àwọn rí lójú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí àwọn sì gbé dìde nìyí. Wọ́n máa ṣe ayẹyẹ, wọ́n máa fi àmì ẹ̀yẹ dá ìyá náà lọ́lá.

"Ẹ máa lọ?" ni Kọ́pọ́rà bi í.

"Kí n lọ wo ẹni tí kò mọ orí ibùsùn yàtọ̀ sí ìdí ẹ̀? Ìwọ lọ. Jẹun yó. Bá mi jẹ tèmi mọ́ ọn."

Kọ́pọ́rà lọ ní tòótọ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa. Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tó padà dé. Ó gbé àmì ẹ̀yẹ náà, gíláàsì tí wọ́n kọ nǹkan sí lára, sórí tábìlì, ó jókòó, kò bọ́ bàtà. Ìyá Tapólì ń gé tapólì lọ́wọ́.

"Oúnjẹ ò dùn ni?"

"Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀," ni Kọ́pọ́rà wí. "Mi ò fẹ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí mi lẹ́nu. Ni mo bá sọ fún wọn."

"Kí lo sọ?"

Ó ní bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì ló ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ òun ló wà nínú ìkejì, ẹni tí àwọn jọ ń sùn nínú àgọ́ kan. Ọgbẹ́ rẹ̀ kò tó tòun. Bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti gbó, ó ya lágbede méjì ọ̀nà, ó bọ́ sórí òkúta. Wọ́n so ó pọ̀, wọ́n gbé e, ó tún ya. Òun ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tó bá ti bọ́. Nígbà tí àwọn máa fi rí ojú títì, òun ò gbọ́ ọ mọ́.

Ìyá Tapólì ti gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, kò gbọ́ èyí rí.

"Gbogbo ohun tí o sọ fún wọn nìyẹn?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Kí ni wọ́n wá ṣe?"

"Wọ́n pàtẹ́wọ́," ni Kọ́pọ́rà wí. "Ẹ-Padà-Wá ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn wá dìde dúró. Ẹnì kan ní ó wú òun lórí."

Ìyá Tapólì la ẹnu. Ó wá èébú tó tó wọn, ó wá a títí, kò rí i. Ohun tó ṣe ni pé ó fa àga, ó jókòó ti àbúrò rẹ̀, ó bi í pé kí lorúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn. Kọ́pọ́rà dárúkọ rẹ̀ fún un. Ó ní ṣé ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Kọ́pọ́rà ní òun rò bẹ́ẹ̀, pé òun ò ní ìgboyà láti lọ wò ó. "A jọ máa lọ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni fóònù dún nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀ka Kíákíá ni. Wọ́n ní àpérò mìíràn ń bọ̀, àwọn olùdókòwò láti òkèèrè máa wà níbẹ̀, pé inú àwọn á dùn tí Kọ́pọ́rà bá lè wá sọ ìtàn rẹ̀ yẹn bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́sí, pàápàá ibi tí bùláńkẹ́ẹ̀tì ti ya. Àmọ́ kó bá àwọn gé e kúrú díẹ̀, nítorí àkókò.

Kọ́pọ́rà ṣì di fóònù mú. Ìyá Tapólì ti gbọ́ ọ láti ibi tó jókòó sí, nítorí ohùn ẹni tó pè náà lọ sókè. Ó na ọwọ́, ó gba fóònù lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Kò bú u. Kò tiẹ̀ pòṣé. Ó rọra gbé fóònù náà lé orí irin ẹ̀rọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́, ó fa tapólì sábẹ́ abẹ́rẹ́ náà, ó tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ pátápátá kí ariwo rẹ̀ lè wọ etí ẹni tó pè, ó sì ń rán tapólì lọ.